Ọkàn Ìtùnú Wà Lọ́tùn-ún

Ọwọ́ òsì ni mo ń lò, kò sì sí ohun tí ìyá ọkọ mi kórìíra tó bẹ́ẹ̀. Bí mo bá fi gbé omi fún wọn, wọn á máa wò mí títí n ó fi pààrọ̀ ọwọ́.

Nígbà tí mo bí Ìtùnúolúwa, wọ́n wá láti Òkukù sílé wa ní Ìnísà láti máa wẹ ọmọ, nítorí ìyá tèmi ti kú. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹsẹ̀, wọ́n bu òróró, wọ́n ń fi ọwọ́ ra á láyà. Lójijì, wọ́n dúró. Apá ọ̀tún ni ọkàn ọmọ ti ń lù kìkìkì.

"Ìyàwó, ọwọ́ òsì rẹ ló fa èyí. Ṣé mi ò sọ ọ́ títí?" Wọ́n gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn ò wẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ó dùn mí wọra. Ta ni yóò wá bá mi wẹ̀ ẹ́?

Lọ́jọ́ kejì, Morákinyọ̀ ọkọ mi kó gbogbo wa lọ sí ọsibítù ní Ìkìrun. Màmá tẹ̀ lé wa, kí dókítà lè bá mi wí lójú wọn.

Dókítà Hameedat ya àwòrán inú ọmọ, ó rẹ́rìn-ín. "Ọkàn wà lọ́tùn-ún, ẹ̀dọ̀ wà lósì. Ńṣe ni gbogbo wọn jọ pààrọ̀ àyè. Ẹ máa gbé e wá ká máa yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n ara ẹ̀ le."

"Ṣé kì í ṣe ọwọ́ ìyá ẹ̀?" Màmá béèrè.

"Rárá o, Màmá. Nígbà tí ọmọ ṣì kéré ju hóró ìrẹsì lọ nínú ìyá ẹ̀, ara ẹ̀ ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sósì. Kòtò kékeré kan ló wà lára ẹ̀, tí irun tíntìntín ń yí nínú ẹ̀, tí wọ́n ń ti omi lọ sápá òsì. Ibi tómi bá ń lọ lara fi ń mọ òsì, kí ọkàn tó forí lé ibẹ̀. Bí omi yẹn ò bá lọ bó ṣe yẹ, ọkàn lè yà sọ́tùn-ún. Ìyá lè má tíì mọ̀ pé òun lóyún nígbà yẹn."

Mo wo Màmá. Wọ́n ń wo fáànù.

Dókítà ní irú ẹ̀ máa ń wà nínú ìdílé nígbà míì, òun á gbọ́ àyà gbogbo wa. Tèmi wà lósì. Ti ọkọ mi náà wà lósì.

"Ẹ tún ti ìyàwó yẹn gbọ́ dáadáa," Màmá ní. "Tèmi wà níbi tí Ọlọ́run fi sí."

Dókítà gbé ẹ̀rọ lé wọn láyà òsì. Ó gbọ́, ó tún gbọ́. Ó wá sún un sí ọ̀tún. "Lóòótọ́ ni, Màmá. Ọ̀tún ni Ọlọ́run fi sí."

Ẹ̀rín pa mí. Ọkọ mi sáré jáde lọ rín tiẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá kàn gbé ọwọ́ lé àyà ọ̀tún wọn, omi sì lé ròrò sí wọn lójú. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi.

A wọ bọ́ọ̀sì padà sí Ìnísà. A ò tíì jókòó tí wọ́n ti bu omi, tí wọ́n na ẹsẹ̀, tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi.

"Ọṣẹ dà?"

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ara mi, mo fi ọwọ́ òsì na ọṣẹ sí wọn. Wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n wo ojú mi, wọ́n sì gba ọṣẹ.

"Bu omi sí i, jàre," wọ́n ní. "Òtútù ń mú ẹnìkejì mi."