Káàdì Tó Ń Jíṣẹ́ fún Kingsley

Bí ẹ bá dé ìsọ̀ Juliet ní Igbotako ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ẹ ó gbọ́ píìnì gbogbo ìlú. Ẹ má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ o. Iṣẹ́ epo ni iṣẹ́ wa. Láti ẹbu tí a ti ń fún epo ni àwọn ìyá ti ń yà wá gbowó, epo á ti kùn wọ́n dé ìgbọ̀nwọ́, bí wọ́n bá sì fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kan POS, bọ́tìnì á máa yọ̀ bí ẹja àrọ̀. Nítorí náà, àṣà tiwa ni pé kí Juliet fi ìka méjì yọ káàdì náà nínú kókó ìró oníbàárà, kí oníbàárà pe píìnì rẹ̀ sókè, kí Juliet sì bá a tẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó rí àléébù kankan níbẹ̀. Ta ni ká máa fi pamọ́ fún, ní ìlú tí gbogbo wa ti mọra?

Jẹ́jẹ́lọlá ló máa ń pe tirẹ̀ sókè jù. Ọdún tí ó bí Kingsley, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni píìnì náà, kò sì rí ìdí tí èèyàn yóò fi máa sọ ọdún tí a bí ọmọ ẹni ní ohùn jẹ́jẹ́. Bó bá ti pè é tán, á tẹjú mọ́ ẹ̀rọ náà, á ní, "Kingsley, mo wà o."

Orí rẹ̀ pé dáadáa. Kingsley ló ni káàdì. Ní ọjọ́ tí ó ń lọ sí Dùbáì, ní ibùdókọ̀ Okitipupa, ó fi í sí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Màmi, inú ibí ni n ó máa fi owó yín sí. Ìgbàkígbà tí ẹ bá fà á, báńkì á fi álẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí fóònù mi. Bí mo bá ti rí i, mo mọ̀ pé ẹ wà láàyè, ẹ sì ń jẹun."

Lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni Kingsley ń pè. Nígbà tó yá, ó di ìgbà ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì nìkan. Lẹ́yìn náà, fóònù dákẹ́. Bí ìyá bá pè é, kò ní wọlé; Juliet ní bí èèyàn bá ti wà lókè òkun, álẹ́ẹ̀tì lè wọ fóònù kí ìpè má wọ̀ ọ́. Síbẹ̀ owó ń wọlé. Ohùn ni ò wọlé. Ni Jẹ́jẹ́lọlá bá dá ọgbọ́n: kò ní fa owó náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ló ń fà á, Ọjọ́bọ̀ kan kì í yẹ̀, kí iṣẹ́ lè máa dé etí ọmọ rẹ̀ lemọ́lemọ́.

Juliet máa ń bá a jà. "Màmá Kingsley, owó tí mò ń yọ lórí ìgbowó yìí ti pọ̀ jù. Ẹ gbà á pọ̀, kẹ́ ẹ sinmi."

"Máa yọ tìrẹ, ọmọ mi. Tèmi ti dé ibi tó ń lọ."

Ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí ó ń lọ, bí wòlíì bá ní kí olúkúlùkù gbé ohun tí ó fẹ́ kí Olúwa fọwọ́ kàn sókè, àwọn kan á gbé ike omi, àwọn kan á gbé fọ́tò. Káàdì ni Jẹ́jẹ́lọlá máa ń nà sókè. Àárò ọmọ ń sọ ọ́, kò sì tijú ẹnikẹ́ni.

Àfi bí ọkùnrin kan ṣe dé sí ìsọ̀ Juliet, tó fi káàdì ìdánimọ̀ kọ́rùn, tó ní iléeṣẹ́ POS ló rán òun láti wá pààrọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́. Ó gba ti Juliet, ó gbé tuntun fún un, ọ̀fẹ́. Inú Juliet dùn, torí bátìrì ti àtijọ́ ti ń kú. Kò mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Ẹ̀rọ tuntun yìí a máa béèrè píìnì lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ oníbàárà kan. Rìsíìtì tirẹ̀ náà, gbogbo nọ́ńbà iwájú káàdì pátá ló ń tẹ̀ síta, èyí tí ti àtijọ́ máa ń fi ìràwọ̀ bò. Juliet rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Ìgbà tí Tíṣà Benedict, oníbàárà rẹ̀ kan, sáré dé pé wọ́n ń fa owó òun ní ìlú tí òun ò tíì débẹ̀ rí láyé òun, ni ojú Juliet tó là. Ó gbé ẹ̀rọ náà lọ bá Adéwùmí, òṣìṣẹ́ báńkì kan tí ó mọ̀ ní Okitipupa. Adéwùmí wo rìsíìtì, ó mi orí. Ó ní ẹ̀rọ olè ni, gbogbo káàdì tó bá ti wọ inú rẹ̀, ó ti kó nọ́ńbà àti píìnì rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, àfi kí wọ́n yára ti gbogbo káàdì náà pa.

Juliet ti ìsọ̀. Ó ń tọ àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ láti ilé dé ilé, ó ń sọ fún wọn, ó ń sunkún. Ó bá Jẹ́jẹ́lọlá ní ẹbu, níbi tí ó ti ń fún epo.

"Wọ́n ti kó owó Kingsley?" ni Jẹ́jẹ́lọlá bi í. Kò gbé ojú sókè.

"Mi ò tíì gbọ́ pé wọ́n kó o, Màmá. Ṣùgbọ́n wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ nígbàkígbà."

"Kí wọ́n kó o. Mo ní epo tí mò ń tà. Bí a bá wá ti káàdì pa, kí ni mo fẹ́ máa fi kí ọmọ mi?"

Juliet jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. "Ẹ gbọ́ mi, Màmá. Bí olè bá fa owó, álẹ́ẹ̀tì á lọ bá Kingsley, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń lọ. Ẹ̀yin ni á rò pé ẹ fà á."

Ọwọ́ Jẹ́jẹ́lọlá dúró nínú epo. "Bí mo bá wà lórí àìsàn ńkọ́?"

"Á rò pé ara yín le."

"Bí mo bá ti kú?"

Juliet kò lè wò ó lójú. "Bí owó bá ṣì wà níbẹ̀, Màmá, wọn á ṣì máa fà á."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Jẹ́jẹ́lọlá lákínyẹmí ara. Ó rí Kingsley níbi iṣẹ́ rẹ̀, tó wo fóònù, tó ní ìyá òun wà, tó sì ti fóònù padà sápò, nígbà tí koríko ti ń hù lórí sàréè. Kí olè kó owó, ó lè gbà. Ṣùgbọ́n kí olè máa fi ẹnu òun sọ fún ọmọ òun pé òun wà, kò jẹ́ gbà.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi eérú àti ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ títí epo fi tán nínú èékánná, òun àti Juliet sì gba Okitipupa lọ. Adéwùmí ní oní-káàdì nìkan ló lè ní kí báńkì ti káàdì pa, òun nìkan ló sì lè wá tẹ̀ka gba òmíràn. Ó ní kí wọ́n pe Kingsley. Kò wọlé. Adéwùmí wá nawọ́ síta.

"Màmá, bí ẹ bá tẹ píìnì tí kì í ṣe òun lẹ́ẹ̀mẹta lára ẹ̀rọ tó wà níta yẹn, káàdì á ti ara rẹ̀ pa. Olè ò ní lè lò ó. Ẹ̀yin náà ò ní lè lò ó."

Jẹ́jẹ́lọlá kọ́kọ́ fa owó díẹ̀. Ó ní, "Kingsley, mo wà o," ohùn rẹ̀ ò sì ròkè. Lẹ́yìn náà ó tẹ ọdún tí bàbá Kingsley kú. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ó tẹ oódo mẹ́rin. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Nígbà kẹta, ìka rẹ̀ ń lọ sórí ọdún ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, Juliet ló rọra dì í mú, tó darí rẹ̀ síbòmíràn. Ẹ̀rọ gbé káàdì mì. Jẹ́jẹ́lọlá ṣì dúró níwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń wò ó bóyá á pọ̀ ọ́ padà.

Juliet gba ẹ̀rọ gidi ní iléeṣẹ́. Ó fi páálí bo àyíká bọ́tìnì rẹ̀, ó sì gbé ọpọ́n omi, ọṣẹ àti àkísà síwájú ìsọ̀. "Ẹ fọwọ́, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín. Mi ò fẹ́ gbọ́ píìnì ẹnikẹ́ni mọ́." Àwọn ìyá kùn títí ó fi sú wọn, wọ́n sì fọwọ́.

Jẹ́jẹ́lọlá ò yé wá ní Ọjọ́bọ̀. Kò ní káàdì tí ó fẹ́ lò. Yóò jókòó sórí bẹ́ǹṣì, fóònù rẹ̀ nínú kókó ìró, á máa wo àwọn tó ń gbowó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ lásán ló ń nà sókè.

Ọjọ́bọ̀ kan, òjò ń ṣú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹbu dé, kò tíì débi ọpọ́n omi tí fóònù fi dún nídìí rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì tó kún fún epo, kò mọ ohun tí yóò fi wọ́n ṣe. Juliet ló fo tábìlì, tó tú kókó ìró, tó tẹ fóònù, tó sì gbé e sí i létí.

"Ẹ jọ̀ọ́," ohùn ọkùnrin kan ń gbọ̀n, "ta ló wà lórí fóònù ìyá mi?"

"Èmi ni."

Ẹkún ló kọ́kọ́ gbọ́.

"Màmi. Mi ò rí álẹ́ẹ̀tì mọ́. Ọjọ́bọ̀ kan lọ, òmíràn lọ. Mo rò pé ẹ ti kú."

"Ohùn rẹ ti ki, Kingsley," ni ìyá rẹ̀ wí. Lẹ́yìn náà ló tó ròyìn olè, ẹ̀rọ àti káàdì tí wọ́n tì pa.

Ọmọ mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣeun, Màmi. Bí ìwé mi bá ti pé, n ó wálé wá tẹ̀ka, n ó gba tuntun fún yín. Ẹ ò mọ bí álẹ́ẹ̀tì yẹn ṣe ń ṣe mí. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mò ń retí rẹ̀. Bó bá ti wọlé báyìí, ọkàn mi á balẹ̀, n ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́."

Jẹ́jẹ́lọlá wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo omi inú ọpọ́n. Gbogbo ọdún tí ó ti ń pè é sínú ẹ̀rọ yẹn, ọkàn ọmọ rẹ̀ ló ń bá a fi balẹ̀.

"Má gba káàdì kankan fún mi o."

"Kí ló dé, Màmi?"

"Bí mo bá ní káàdì, o ò ní pè mí mọ́."

Kingsley ò pa fóònù; ó bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tó jẹ lónìí. Ọwọ́ ti ń ro Juliet. Ó fi ọwọ́ kejì gba fóònù náà, ó sì tún gbé e sí ìyá létí.