Ẹ̀rọ Ń Mì, Kò Mí

Yìnyín wà lórí ohun gbogbo. Ó wà lórí òrùlé, ó wà lórí igi, ó wà lórí wáyà iná tó gba òkè títì kọjá. Láti àná ló ti ń bọ̀. Kò sán ààrá, kò kọ mànàmáná, kò pariwo bí òjò ilé wa. Ó kàn ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n ń tu. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní Winnipeg lónìí, ó ti gbé gbogbo ọ̀nà mì.

Ìbíyẹmí dúró lẹ́nu ilé mọ́tò, ó di apá ẹ̀rọ akóyìnyín mú. Pupa ni ẹ̀rọ náà, ó ga dé ìbàdí rẹ̀. Ó ní ẹnu gbàǹgbà níwájú tí irin ń yí nínú rẹ̀, ó sì ní ọrùn gígùn tó ń pọ yìnyín dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Bí ara rẹ̀ bá dá, á máa jẹ yìnyín bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ èèpo iṣu. Ara rẹ̀ kò dá lónìí.

Ó fa okùn. Ẹ̀rọ dáhùn. Ó bú, ó hó, ó mi ilẹ̀ tìtì. Ìbíyẹmí tì í wọnú yìnyín, yìnyín sì fò sókè, ó tú ká lápá òsì. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ìṣísẹ̀ méjìlá. Nígbà náà ni ohùn ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ó ń kùn, ó ń ráhùn, ó ń wúkọ́, ó ń falẹ̀. Ó dákẹ́.

Ìgbà kẹrin rèé láàárọ̀ yìí.

Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, dókítà ojú ń retí ìyá rẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ. Oṣù mọ́kànlá ni wọ́n fi dúró de ọjọ́ yìí. Oṣù mọ́kànlá tí ìyá ń fọwọ́ tẹ́ ògiri kó tó dé ilé ìwẹ̀, tí awọ funfun bo ẹyin ojú rẹ̀ méjèèjì, tó jẹ́ pé ìró ẹsẹ̀ ló fi ń mọ ẹni tó wọlé. Wọ́n ti sọ ọ́ lórí fóònù pé ẹni tí kò bá yọjú lónìí, ẹ̀yìn ìlà ló ń padà sí. Ìyá kò sì lọ́jọ́ púpọ̀ níbí mọ́. Oṣù kẹta ni ìwé ìgbélùú rẹ̀ parí, Ìgbòho ló ń padà sí.

Mọ́tò wà lẹ́yìn Ìbíyẹmí nínú ilé. Ọ̀nà tí mọ́tò máa gbà ló wà níwájú rẹ̀, yìnyín tó mu èèyàn dé orúnkún. Níbi tí ọ̀nà náà ti pàdé títì ló burú jù: katakata ìjọba ti kọjá lóru, ó sì gbá gbogbo yìnyín títì jọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó le bí ògiri, ó ga dé ìdí. Ó ti pe takisí, wọ́n ní ó di wákàtí méjì. Aládùúgbò ọ̀tún ti lọ síbi tí oòrùn wà. Ti òsì, arúgbó ni, ọkàn rẹ̀ kò gba iṣẹ́ líle. Ọkọ rẹ̀, Ọláníyọnu, wà lápá àríwá níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà, ó sì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kó tó dé. Ṣọ́bìrì wà, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n èjìká ọ̀tún rẹ̀ tó yẹ̀ nígbà ooru kò tíì gbàgbé.

Nítorí náà, ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ yìí náà ni, tí kò mú ẹ̀rọ̀ kankan wá.

Ó ṣí ìdérí táǹkì, ó yọjú wò ó. Epo kún. Ó pa á dé. Ó fi igi ro ọrùn ẹ̀rọ, bóyá yìnyín ló há síbẹ̀. Kò sí nǹkan tó há. Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ó gbẹ, ó mọ́ bí eyín tí wọ́n fi pákò rin. Ó dá a padà. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kó lè yẹ fóònù wò. Ọkùnrin kan nínú fóònù, tó wọ ẹ̀wù péńpé nínú ilé tó móoru, ní kí wọ́n tú kabúrétọ̀. Ó tú nọ́ọ̀tì kan. Èkejì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó já sínú yìnyín, ó wọlé ṣinrá, kò tilẹ̀ fi ojú ihò sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ lásán wá a. Ìka rẹ̀ kọ́kọ́ ń ta á, lẹ́yìn náà kò ta á mọ́, èyí sì burú ju títa lọ. Ó rí i. Ó dá a padà sáyè rẹ̀. Kò ní tú kabúrétọ̀ kankan.

Ó fa okùn. Ó fà á. Ó tún fà á. Okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, okun ti ń tán lápá rẹ̀. Ẹ̀rọ gbà, ó bú ramúramù bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan rí, bí ọmọ aláìgbọràn tí àlejò dé bá. Ìbíyẹmí kò mí. Ó tì í síwájú. Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ. Ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án. Ohùn náà tún ń wálẹ̀, ó ń wálẹ̀, ó ń lọ bí ẹni tó ń bọ́ sínú kànga.

Ó dákẹ́.

Ó ta á nípàá. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ló jẹ ìyà rẹ̀.

Ilẹ̀kùn tó já láti ilé ìdáná sí ilé mọ́tò ṣí. Ìyá rẹ̀ ló yọ síbẹ̀. Láti aago márùn-ún ló ti múra tán, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì léra wọn, ó wé gèlè kékeré, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó dẹ etí sílẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́rọ ni gbogbo Ìgbòho ń pè é. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi lọ èlùbọ́ fún àdúgbò, ẹ̀rọ kan ṣoṣo, òun nìkan.

"Ìbíyẹmí," ni ìyá wí, ohùn pẹ̀lẹ́. "Ẹ̀rọ yẹn, bó ṣe ń ṣe yẹn—"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé. Otútù ni gbogbo ibí. Kí lẹ fẹ́ rí níbí?"

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó gbọ́ ọ. Ó dúró sáàárín àwọn méjèèjì nínú atẹ́gùn dídì, funfun bí èémí. Kí lẹ fẹ́ rí. Ó fẹ́ sá tẹ̀ lé e, kó dì í mú, kó dá a padà sẹ́nu. Ẹyin ni ọ̀rọ̀. Ó ti fọ́.

Ìyá mi orí díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n júwe ọ̀nà fún. Ó yí padà, ọwọ́ rẹ̀ ń wá ògiri. Ilẹ̀kùn pa dé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ì bá kúkú gbá a.

Ẹ wo Ìbíyẹmí báyìí. Ojú rẹ̀ ń ṣomi, omi náà sì ń dì ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Inú ń bí i sí ẹ̀rọ, inú ń bí i sí yìnyín, inú ń bí i sí ọkọ tó wà lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí yìnyín kì í dé. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, inú ń bí i sí ẹnu ara rẹ̀. Ó mú ṣọ́bìrì. Ó bu ẹ̀ẹ̀kan, ó bu ẹ̀ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, èjìká rẹ̀ ké, ṣọ́bìrì sì bọ́. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Ọ̀nà tó ti là kò tó ìdajì, ògiri ẹnu títì sì ń bẹ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ó gbọn yìnyín kúrò lẹ́sẹ̀, ó wọlé.

Ìyá jókòó sórí àga ilé ìdáná, báàgì wà lórí itan rẹ̀. Ó ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó ti kọ ojú sápá ibẹ̀. Ìbíyẹmí kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú bàtà tó ń ṣomi sílẹ̀.

"Màámi, kí ni ẹ̀rọ yẹn ń ṣe?"

Ìyá kò fi falẹ̀. "Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́," ló wí. "Ẹ̀rọ tí epo bá pọ̀ jù fún, á máa rùn, á sì máa tú èéfín dúdú. Tèyí kò rùn. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ ń tín-ín-rín. Tó bá sinmi díẹ̀, á tún jí. Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ṣùgbọ́n epo kún inú rẹ̀."

"Epo lè kún kó má wálẹ̀. Ihò kékeré kan wà lórí ìdérí táǹkì, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé. Bí atẹ́gùn ò bá wọlé, epo ò ní sọ̀ kalẹ̀. Iyẹ̀fun èlùbọ́ ló máa ń dí tèmi. N ò mọ ohun tó lè dí tìrẹ."

Ìbíyẹmí mọ̀ ọ́n. Funfun ni, ó sì wà lórí ohun gbogbo.

Ìyá fọwọ́ wá etí ìró tó ró, ó tú pín-ín-nì tó fi mú un, ó nà án síwájú. Ọwọ́ Ìbíyẹmí ló lọ pàdé rẹ̀.

Níta, ó tẹ etí sí táǹkì, ó yí ìdérí. Ṣíììì. Ìró náà wọlé, kò jáde. Ìmí ẹni tó ti pẹ́ lábẹ́ omi ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ti ṣí ìdérí yìí lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, ariwo ìbínú tó wà nínú orí rẹ̀ ni kò jẹ́ kó gbọ́. Ó yí ìdérí sókè. Ihò náà kéré bí ojú abẹ́rẹ́, yìnyín dídì sì ti dí i pa. Gbogbo àárọ̀ ni ẹ̀rọ ń mì, kò mí. Ó fi pín-ín-nì tọ́ ọ. Ó há ìdérí náà sábẹ́ abíyá kí èyí tó kù lè yọ́, ó ń ka oókan, eéjì, títí dé ọgọ́rùn-ún. Ó tún tọ́ ọ. Ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín gba inú ihò náà yọ sí i. Ó dé táǹkì padà.

Ó fa okùn.

Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ìṣísẹ̀ ogún. Ó ń retí kí ohùn náà wálẹ̀, ara rẹ̀ ti le dè é. Kò wálẹ̀. Ìṣísẹ̀ ọgbọ̀n. Ó dé ògiri ẹnu títì, ó ti ẹnu ẹ̀rọ bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ kérora, ó mi apá rẹ̀ méjèèjì dé eyín. Ó fà sẹ́yìn, ó tún kọlù ú. Ògiri ń bó díẹ̀díẹ̀. Òkúta yìnyín ń fò, òmíràn bà á ní àgbọ̀n, kò yà. Ó ń kọlù ú, ó ń kọlù ú, títí ihà kejì fi là, títì sì yọ sí i, dúdú, gbòòrò.

Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́rin nígbà tó mú ìyá rẹ̀ jókòó sínú mọ́tò. Ó bẹ̀rẹ̀ láti so bẹ́líìtì mọ́ ọn. Ìka rẹ̀ ṣì le, bẹ́líìtì kò tètè wọlé. Ojú rẹ̀ súnmọ́ ojú ìyá, ojú tó ń wò ó tí kò rí i.

"Màámi," ló wí. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan—"

Ọwọ́ ìyá gòkè, ó wá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó rí i. Ó nu omi yìnyín kúrò níbẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ wo?" ni ìyá wí. "Ẹ̀rọ ni mo gbọ́."

Ìbíyẹmí wa mọ́tò jáde láàárín ògiri funfun méjì. Táyà ń tẹ yìnyín, ó ń ró kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ìyá da orí sẹ́yìn, ó pa ojú dé.

"Ẹ̀rọ nìkan," ló tún wí. "Ẹ̀rọ nìkan."