Ojú Màríà Lábẹ́ Òjé

Ní ọdún 1912 ni wọ́n lé Josiah Pellow kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní kàtídírà Wexcombe. Wọ́n ní ó fọ ojú Màríà nù. Fèrèsé ńlá apá ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ní kó fọ̀, èyí tí wọ́n ṣe láyé Ọbabìnrin Fikitóríà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Nígbà tó parí, imú àti ẹnu Màríà ti pòórá, ó ku dígí lásán láàrin ìbòrí búlúù. Kò sẹ́ni tó tún gbé iṣẹ́ dígí fún Josiah mọ́. Ó ń gbálẹ̀ ọjà ẹran títí ó fi kú. Bàtà kan ṣoṣo ló wọ̀ fún ọdún mẹ́fà, páálí ni ìyàwó rẹ̀ fi ń tẹ́ inú rẹ̀.

Ogun Àgbáyé Kejì ló sọ Hester, ọmọ ọmọ rẹ̀, di oníṣẹ́ dígí, nítorí àwọn ọkùnrin ti lọ. Wọ́n tú àwọn fèrèsé, wọ́n kó wọn pamọ́ sábẹ́ ilẹ̀ kí bọ́ǹbù má bàa fọ́ wọn. Ní 1947, nígbà tí wọ́n fẹ́ dá wọn padà, tí wọ́n ń pààrọ̀ òjé tó so dígí mọ́ra, orí tábìlì Hester ni Màríà bọ́ sí.

Ọ̀gbẹ́ni Garland, tó ń tọ́jú kàtídírà, tó sì ń mú àlejò yí i ká, gbé ife tíì rẹ̀ wá síbẹ̀.

“Rọra o, ọmọ Pellow. Ìran yín ò mọ ibi tí ìdọ̀tí parí sí.”

“Tíì yín ń tutù, bàbá.”

“Gbogbo Sátidé ni mò ń sọ ọ́ fún àwọn àlejò. Mo ní bàbá yẹn fọ ojú Màríà ju bó ṣe ń fọ ojú ọmọ ẹ̀ lọ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí.”

“Ọmọ ẹ̀ yẹn ló bí mi.”

“Mo mọ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni.”

Hester kò tètè gé òjé ojú náà, ẹ̀rù ń bà á. Ọ̀dà ni wọ́n fi ń ya ojú sára dígí, wọ́n á sì sun ún nínú ààrò kó lè lẹ̀ mọ́ ọn. Òjé máa ń bo etí dígí yíká, omi kì í débẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì kì í débẹ̀. Bí ọ̀dà bá pé lábẹ́ òjé, a jẹ́ pé bàbá àgbà ló bà á jẹ́ lóòótọ́. Ó kọ́kọ́ tú apá ìbòrí: ilà ọ̀dà ibẹ̀ dúdú, ó pé. Lọ́sàn-án, ó tú ojú.

Ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wọ abẹ́ òjé ti bó. Ó dà sórí tábìlì bí aṣáà.

Ó ránṣẹ́ pe Garland, ó ní kó fọwọ́ kàn án. Bàbá náà wo ìka rẹ̀ tó dúdú.

“Ta ló fọ abẹ́ òjé, bàbá?”

Garland fi aṣọ nu ìka rẹ̀. “Kò jiná nínú ààrò,” ló wí. “Àwọn tó yà á ló kánjú yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́, ọmọ mi. Ta ló tún rántí?”

“Gbogbo ẹni tí ẹ bá sọ fún ní Sátidé.”

Hester ya ojú tuntun, ó sun ún lẹ́ẹ̀mejì. Àṣà wọn ni kí oníṣẹ́ họ orúkọ ara rẹ̀ sí etí dígí kí òjé tó bò ó. Josiah Pellow ló họ síbẹ̀.

Ní Sátidé tí fèrèsé padà sípò, ó lọ dúró lẹ́yìn àwọn àlejò. Garland dé ibẹ̀, ó ya ẹnu, ó rí Hester, ó sì pa ẹnu náà dé. Lẹ́yìn náà ló ní, “Tuntun lojú yìí. Ti àtijọ́ bó fúnra ẹ̀, torí kò jiná. Wọ́n lé oníṣẹ́ kan nítorí ẹ̀, kò sì jẹ̀bi. Josiah Pellow lorúkọ ẹ̀.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọjá síbi ojú fèrèsé tó kàn.

“Ẹ̀fẹ̀ yẹn dùn ju èyí lọ,” Garland sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà.

“Mo mọ̀,” ni Hester wí.