Kàlẹ́ńdà Bàbá Ọ̀ṣunbíyìí

Bí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, gbogbo ọlọ́jà Ìyànà Ìbà ni inú wọn máa ń dùn, àfi Títílayọ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ọpẹ́. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọdún. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ni ọdún máa ń kó lọ. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan ló ní, tí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Ó ń ṣe fọ́tòkópì, ó ń tẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ gboyè, ó sì ń ya fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù. Tí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá ti ṣe ìdánwò tán, tí oníkálùkù gbé àpò rẹ̀ tó gba ilé lọ, iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ á dá páropáro. Ẹni tó ń ta bàtà lápá ọ̀tún rẹ̀ kì í ráyè jẹun. Ìyá tó ń ta aṣọ ọmọdé lápá òsì á máa pe oníbàárà títí ohùn rẹ̀ á fi há. Títílayọ̀ á wá jókòó sáàárín wọn bí ẹni tí wọn kò pè síbi àsè.

Lọ́dọọdún ni Dáramọ́lá ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, máa ń sọ fún un pé, "Tilẹ̀kùn, kó o lọ sinmi. Tó bá di oṣù kìn-ín-ní, wọ́n á padà dé."

"Ẹni tí mo háyà ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ rẹ̀ kì í yọ oṣù Kérésì kúrò nínú owó rẹ̀ o," ni Títílayọ̀ á dá a lóhùn.

Lọ́dún yìí, ó pinnu pé òun ò ní káwọ́ gbera. Ó ro ohun tí ẹ̀rọ òun lè ṣe tí ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ á fẹ́ rà, ọkàn rẹ̀ sì lọ sórí kàlẹ́ńdà. Kì í ṣe irú èyí tí ṣọ́ọ̀ṣì ń pín káàkiri. Kàlẹ́ńdà tí fọ́tò ìyá tàbí bàbá ẹni wà lórí rẹ̀ ni, tí orúkọ ẹbí wà lókè, tí àwọn ọmọ lè pín fún ara wọn nígbà tí wọ́n bá pàdé nílé lọ́jọ́ ọdún. Ó tẹ ọ̀kan láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Fọ́tò bàbá rẹ̀ tó ti kú ló lò. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Olóògbé. Àwa ọmọ yín kò gbàgbé yín," ó sì gbé e kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù.

Wọ́n ń wò ó, wọ́n ń kọjá lọ. Ẹni tó kọ́kọ́ yà ni Enoch, awakọ̀ kan tó ń ná Badagry.

"Ìyá Ọpẹ́, ṣé ẹ lè mú kí fọ́tò kékeré di ńlá?"

Ó yọ fọ́tò ìyá rẹ̀ láti inú àpò ìwé ọkọ̀ rẹ̀. Kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, omi sì ti jẹ etí rẹ̀. Títílayọ̀ jókòó ti kọ̀mpútà, ó ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ títí ojú ìyá náà fi hàn kedere. Nígbà tí Enoch padà wá gbà á, ó ṣí fìlà lórí. "Ìyá mi nìyí," ló wí.

Bí àwọn ará gáréèjì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá nìyẹn. Òkú ni gbogbo wọn ń mú fọ́tò rẹ̀ wá, ẹlòmíì bàbá, ẹlòmíì ẹ̀gbọ́n. Kò pẹ́ tí ọwọ́ Títílayọ̀ fi mọ́ ọn lára láti kọ "Olóògbé" láìronú rárá.

Ìgbà yẹn ni Dorcas dé láti Òkokòmáìkò. Fọ́tò bàbá kan ló fi hàn án lórí fóònù, bàbá náà wọ aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì lejú koko.

"Bàbá wa nìyí. Ọ̀ṣunbíyìí ni orúkọ ẹbí. Ẹ bá wa kọ ohun tó bá dára sábẹ́ rẹ̀."

Títílayọ̀ kọ ohun tó dára. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ká a, ó fi ọ̀rá wé e. Ọlọ́kadà ń dúró de Dorcas nígbà tó wá gbé e, nítorí náà kò tú u wò.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Títílayọ̀ ń gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan dúró. Bàbá arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pá lọ́wọ́ kan, kàlẹ́ńdà lọ́wọ́ kejì. Dorcas tẹ̀ lé e, ojú rẹ̀ wú. Títílayọ̀ wo bàbá náà, ó tún un wò, ìgbálẹ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé ìwọ lo sin mí?"

Dorcas ló fìbínú sọ̀rọ̀. "Àárín ẹbí ni mo ti tú u! Àǹtí wa àgbà ti bú sẹ́kún kí wọ́n tó rí i pé Bàbá jókòó níwájú àwọn, wọ́n ń mu tíì!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí," ni Títílayọ̀ wí. "Ó yẹ kí n bi yín, mi ò bi yín. Ẹ̀bi mi ni." Ojú tì í débi pé kò lè gbé orí sókè. Èrò ti ń pé jọ. Ó mọ̀ pé kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn á ti dé gáréèjì pé obìnrin kan wà ní Ìyànà Ìbà tó ń pa alààyè sórí ìwé, ọjà ọdún rẹ̀ sì ti parí nìyẹn.

Bàbá ní kí wọ́n gbé àga fún òun. Ó jókòó, ó ṣí kàlẹ́ńdà náà, ó sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ tó o kọ dára," ló wí. "Àsìkò rẹ̀ ni kò tíì tó."

Ẹ̀rín bú sí àárín èrò. Dorcas nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Bàbá yíjú sí i.

"Fọ́tò tó o mú wá gan-an ló dùn mí jù. Níbi ìsìnkú ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n ti yà á. Láti ìgbà tí ìyá yín ti lọ, kò sí ẹnì kankan nínú yín tó sọ pé, Bàbá, ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò. Àbí ọjọ́ ìsìnkú tèmi lẹ̀ ń dúró dè?"

Dorcas wolẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá."

"Yà mí bí mo ṣe wà yìí," ni bàbá wí fún Títílayọ̀.

Títílayọ̀ ta aṣọ búlúù sẹ́yìn wọn, ó sì ní kí Dorcas dúró ti bàbá rẹ̀. Bí Dorcas ṣe ń tún fìlà bàbá rẹ̀ ṣe, tí ìka rẹ̀ rìn ín létí, bàbá bú sẹ́rìn-ín. Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín náà ni Títílayọ̀ yà á. Ó tún gbogbo kàlẹ́ńdà náà tẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ ó pẹ́ fún wa, Bàbá."

Wọn ò tíì kúrò níbẹ̀ tí ìyá aláṣọ ọmọdé fi sún mọ́ ọn.

"Ìyá Ọpẹ́, màmá mi wà lọ́dọ̀ mi ní Ìbà. Ṣé kí n lọ mú wọn wá?"

"Ẹ mú wọn wá kíá."

Títílayọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ Bàbá Ọ̀ṣunbíyìí, ó sì gbé fọ́tò rẹ̀ kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá tirẹ̀. Ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sí i pé, "Ẹ yà wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín."

Ó wá di pé àwọn àgbàlagbà ń sọ̀ kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójoojúmọ́. Obìnrin kan gbé ìyá ọkọ rẹ̀ wá láti Navy Town. Olùkọ́ yunifásítì kan mú ìyá àti bàbá rẹ̀ wá láti Oǹdó, àwọn méjèèjì sì jà lórí ẹni tó máa jókòó lápá ọ̀tún. Àwọn ará gáréèjì náà ò dáwọ́ dúró. Ní báyìí, kí Títílayọ̀ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, á kọ́kọ́ béèrè pé, "Ṣé wọ́n wà láyé?" Inú bí ọkùnrin kan sí ìbéèrè náà, ó sì kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Ìǹkì tán lójijì, Dáramọ́lá tó ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ló sáré lọ rà á ní Alábà, ó sì padà wá bá a gé ìwé. Ọjà tó tà lóṣù yẹn ju ti àsìkò ìdánwò lọ.

Nígbà tí oníbàárà ìkẹyìn lọ, tí ọdún ku ọ̀la, Títílayọ̀ jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó sì pe ìyá rẹ̀ ní Adó-Èkìtì.

"Màámi, a ń bọ̀ lẹ́yìn Kérésì. Ẹ wá aṣọ tó wù yín jù sílẹ̀."

"Ayẹyẹ wo la fẹ́ ṣe?"

"Kò sí ayẹyẹ o, mà. Mo fẹ́ yà yín ni."

"Èyí tí mo fi ń lọ sóko náà ló wù mí jù," ló wí.

"Ẹ wọ ìyẹn, mà," ni Títílayọ̀ dáhùn.