Ìlà Tí Ojú Kì Í Rí Lórí Ojú Ìwé Oníbàtà

Bàbá oníbàtà kì í rán bàtà fún gbogbo ayé. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kan kúrú ju èkejì ló ń rán an fún. Á fi awọ lé awọ lábẹ́ èyí tó kúrú, títí onítọ̀hún á fi nàró ṣánṣán. Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, àga kì í ṣófo ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àmọ́ dókítà tó máa ń darí èèyàn sí i ti fẹ̀yìn tì, àwọn oníbàárà àtijọ́ sì ti dàgbà kọjá ẹni tó ń jáde nílé. Ṣọ́ọ̀bù wá dákẹ́ rọ́rọ́, eruku ló kù tó ń jókòó sórí àga.

"Bí òjò bá fi bẹ̀rẹ̀ tí ẹnì kankan ò wọlé," ó wí fún ọmọbìnrin rẹ̀, "màá kó kọ́kọ́rọ́ fún onífọ́tò tó ń bẹ̀ mí pé kí n gbé ṣọ́ọ̀bù yìí fún òun. Ọwọ́ mi ti ń gbàgbé iṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ ọmọ náà lákínyẹmí ara. Obìnrin tó ti lọ́mọ nílé ọkọ ni, kì í ṣe ọmọdé. Torí bàbá rẹ̀ yìí ló ṣe lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ojú ìwé ayélujára. Ó ya àwòrán bàtà níwájú, ó yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yà á látẹ́lẹ̀, ó kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, ó sì dùn ún wò. Kò sẹ́ni tó wá. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ tẹ "bàtà" sínú ẹ̀rọ aṣàwárí, èyí tó ń bá èèyàn wá nǹkan lórí ayélujára, bàtà sójà ló kó wá fún un, pẹ̀lú bàtà agbábọ́ọ̀lù, títí kan bàtà ẹṣin. Ti bàbá rẹ̀ ò sí níbẹ̀.

"Ojú ìwé tí o ṣe yẹn," bàbá bi í, "ṣé inú kànga lo gbé e sí ni?"

Bó ṣe ránṣẹ́ pe ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ nìyẹn, ẹni tí gbogbo ẹbí ń pè ní Aláwòfín, tó ń tọ́jú ojú ìwé ayélujára fún ilé ìwòsàn kan. Aláwòfín dé lọ́sàn-án, ó nu eruku orí àga, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Kò tilẹ̀ wo àwòrán kankan. Ẹ̀yìn ojú ìwé ló ṣí, níbi tí àwọn ọ̀rọ̀ kan wà lókè pátápátá, tí òǹkàwé kì í rí lójú ìwé náà, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ aṣàwárí máa ń kà, tó sì ń fi han ẹni tó bá ń wá nǹkan. Mẹ́tà táàgì ni wọ́n ń pè wọ́n.

"Àbúrò, kí lo kọ sí àkọlé?"

"Ojú ìwé kìn-ín-ní."

"Ìkejì ńkọ́?"

"Ojú ìwé kejì."

Aláwòfín bú sẹ́rìn-ín. "O bímọ, o sọ ọ́ ní Ọmọ. Àpèjúwe wá nìyí: 'Ọ̀gá àwọn ọ̀gá.' Ta ló máa jí láàárọ̀, tí á ní ọ̀gá àwọn ọ̀gá lòun ń wá?"

Bàbá ń rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Lójijì Aláwòfín ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fi ìka sórí ìlà kékeré kan.

"Àbúrò, ta ló kọ èyí? Ó ń sọ fún ẹ̀rọ aṣàwárí pé kó má ka ojú ìwé yìí mọ́ èyí tó máa fi han èèyàn."

Ọmọbìnrin náà gbọ́wọ́ lérí. Nílé tiwọn, ẹnikẹ́ni kì í rí bàtà tí kò tíì parí. Bàbá á fi aṣọ bò ó, oníbàárà ìbáà bẹ̀ títí, ó di ìgbà tí wọ́n bá fa òwú ìkẹyìn. Nígbà tí ọmọbìnrin náà ń bẹ̀rẹ̀ ojú ìwé rẹ̀, ó fi ìlà yẹn bò ó gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé. Nígbà tó parí, kò rántí ṣí i.

Bàbá sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Ṣé ẹ̀rọ náà ka ohun tó kọ yìí?"

"Ó kà á, bàbá. Bó bá ti dé, tó kà á, á padà."

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, bàbá."

"Ohun tí kò lójú, tí kò létí," bàbá rọra wí. "Ó gbọ́ràn ju gbogbo oníbàárà mi lọ."

Wọ́n pa ìlà náà rẹ́. Aláwòfín wá béèrè pé bí èèyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù, kí ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ.

"Wọn kì í dárúkọ bàtà," bàbá dáhùn. "Wọ́n á ní ìbàdí ń ro àwọn. Wọ́n á ní ẹsẹ̀ ọmọ àwọn kan kúrú."

"Ohun tí wọ́n ń tẹ̀ sínú fóònù náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká fi kọ ọ́."

Wọ́n kọ àkọlé: Bàtà fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju èkejì. Wọ́n kọ àpèjúwe kúkúrú sí i, pé wọ́n ń wọn ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì ń fi ọwọ́ rán àtẹ́lẹ̀ tó máa gbé èyí tó kúrú sókè. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà, bàtà, kọ lẹ́ẹ̀mẹwàá kó lè dún dáadáa. Aláwòfín ní kò gba ariwo.

Ìkùukùu ti ń ṣú lójú ọ̀run nígbà tí fóònù dún láàárọ̀ ọjọ́ kan. Obìnrin kan ló fi fídíò pè, láti ibi tó jìnnà débi pé ilẹ̀ ti ń ṣú lọ́dọ̀ tiwọn. Ó ní òun tẹ̀ ẹ́ pé ẹsẹ̀ ọmọ òun kan kúrú, ìlà kan sì jáde bí ẹni pé wọ́n ti ń retí òun. Ó kà á sí wọn létí. Ọ̀rọ̀ wọn gan-an ni.

Bàbá oníbàtà gba fóònù. Ó wo ojú fóònù: ọmọdébìnrin kan dúró nínú yàrá tí òun ò ní dé láéláé.

"Sọ fún onífọ́tò kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́," ó wí fún ọmọ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kò gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọmọdébìnrin náà tiro láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn.

"Tún rìn, ọmọ mi," bàbá wí. "Rọra. Mò ń wò ọ́."