Ìṣẹ́jú Kan fún Babalọlá

Ìṣẹ́jú kan péré ni Babalọlá bèèrè. Ọkùnrin náà kò fẹ́ràn ariwo rárá. Kó tó kú ló ti sọ fún Beatrice ìyàwó rẹ̀ pé kí àwọn ará ìlú wa tó ń ṣèpàdé ní Durumi má kọrin fún òun, kí wọ́n má sì gbàdúrà gígùn. Kí wọ́n ṣáà dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Wàhálà dé! Ta ló ti rí i kí ará ìlú wa dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan rí?

Nígbà tó pé ọdún kan tí ọkọ rẹ̀ kú, Beatrice wá sípàdé. Ó ti ṣèlérí fún ọkọ rẹ̀, ó sì ti pinnu pé lónìí ni òun máa mú un ṣẹ.

Alága, Ọ̀gbẹ́ni Titus, ní kí gbogbo èèyàn dìde. Wọn ò tíì dúró dáadáa tí fóònù Láńre, ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́, fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Alága jágbe mọ́ ọn:

"Kai! Ẹ pa fóònù yín jàre!"

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Kenny, ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn, ń pe "Jésù, Jésù" lábẹ́lẹ̀, ni ẹnì kan lẹ́yìn bá ṣe "Àmín!" Àbí ẹ ò gbádùn ni? Inú bí Beatrice débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan yìí péré."

Ojú tì wọ́n. Wọ́n lọ pa jẹnẹrétọ̀, fáànù dúró, ilé wá pa lọ́lọ́. Titus ń wo aago. Ó ku díẹ̀ kó pé ìṣẹ́jú kan ni ilẹ̀kùn ṣí, Màmá Ràdíátù, àgbà ẹgbẹ́, sì wọlé pẹ̀lú àpò ọsàn tó rà ní Zuba.

"Ẹ kú ìpàdé o, gbogbo ilé!"

"Ẹ káàbọ̀, Màmá!"

Ohùn kan ló ròkè ju gbogbo ohùn yòókù lọ. Ohùn Beatrice ni.

Ó sáré fọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo ilé ń wò ó, wọn ò mọ̀ bóyá kí àwọn bẹ̀ ẹ́ ni àbí kí àwọn rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí tó fi di ògiri mú. Ara tù ú. Titus bi í bóyá kí àwọn tún un ṣe.

"Rárá o, Alága, ó ti tó. Lọ́jọ́ tí ọkọ mi máa kú, ilẹ̀ mọ́, wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì wọlé, ó ní, 'Ẹ káàárọ̀, sà.' Mo ń sọ fún un pé kó má bínú, wọn ò lè dáhùn, ni mo bá gbọ́ tí wọ́n ní, 'Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí?' Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kẹ́yìn nìyẹn."