Ìró Tí Mo Ń Fi Eyín Ró

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ẹni tó jí wa láàárọ̀ yìí, tí kò jẹ́ kí orun wa di ikú, òun ni mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ẹ mọ̀ pé ó di ọdún méjì tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì mi àti ẹsẹ̀ òsì mi. Ẹ tún mọ̀ pé ìjọba ní àwọn fẹ́ máa ran irú wa lọ́wọ́ lóṣooṣù, bí wọ́n bá ti yẹ̀ wá wò, tí wọ́n sì rí i bí àìlera náà ṣe ń dí wa lọ́wọ́ nínú ilé. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé wọ́n ti pè mí lẹ́ẹ̀kan. Òṣìṣẹ́ wọn béèrè pé, "Màmá, ṣé ara le?" Èmi Fẹ̀hìntọ́lá sì dáhùn bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti kékeré: "Ó le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní ara mi le, n kò nílò ìrànwọ́. Òní ni wọ́n tún ní kí n wá, wọ́n sì ní ìgbà ìkẹyìn nìyẹn.

Mo lá àlá kan lóru àná. Mo jókòó sí àyè mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, à ń kọ orin ìparí, ni bẹ́ǹṣì tí mo jókòó lé bá dìde, ó ń rìn lọ. Èmi ń kọrin mi lọ ní tèmi, torí kò dára kéèyàn já orin Olúwa lágbedeméjì. Bẹ́ǹṣì gbé mi dé abẹ́ ọ́fíìsì ìrànwọ́. Ọ́fíìsì náà léfòó lókè igi ìbẹ́pẹ, okùn tí à ń sá aṣọ sí ni wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Ó ní àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kò sì kan ilẹ̀.

Ìránṣẹ́ ọ́fíìsì yọrí lójú fèrèsé. "Màmá, ẹ máa gòkè bọ̀! Tí ẹ bá lè gòkè, a jẹ́ pé ara yín le, ẹ máa lọ sílé. Tí ẹ ò bá lè gòkè, ẹ ò ní rí ọ̀gá, ẹ máa lọ sílé."

"Ẹ ṣeun, ọmọ mi," ni mo wí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ́ lójú mi.

Ibi tí mo ti ń wo àtẹ̀gùn ni garawa ìwẹ̀ mi ti sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. "Ẹ wọlé, Ìyá," ló wí. "Ọdún méjì rèé tí ẹ ò ti lè gbé mi. Ẹ jẹ́ kí n gbé yín lónìí." Mo wọ inú rẹ̀, ó sì gbà mí, bẹ́ẹ̀ èmi kì í ṣe èèyàn kékeré.

Ọ̀gá jókòó lókè, ó de táì, ó fi jígí sójú. Fọ́ọ̀mù iwájú rẹ̀ gùn tó okùn kànga.

"Ẹ káàsán, Màmá. Ṣé ara le?"

"Ó le, a dúpẹ́."

Ìwo kan yọ lórí rẹ̀.

"Ṣé ẹ ń wẹ̀ fúnra yín?"

"Ọlọ́run ń ràn mí lọ́wọ́."

Ìwo kejì yọ.

"Ṣé ẹ kì í ṣubú?"

"Ká má rí ìṣubú o!"

Irùngbọ̀n yọ, ó gùn dé orí táì. Mo sọ nínú ara mi pé irùngbọ̀n yẹ àgbà. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti di òbúkọ pátápátá, ṣùgbọ́n kò bọ́ jígí. Ó fa fọ́ọ̀mù mi sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́.

"Ọ̀gá, ṣé orúkọ mi lẹ ń jẹ un?"

"Ẹni tí ara rẹ̀ le, kí ló fẹ́ fi fọ́ọ̀mù ṣe, Màmá?"

Garawa ní, "Ọ̀gá, ẹ dúró. Apá ọ̀tún wọn ló ń fọ tòsì. Ẹ bi wọ́n pé, ta ló ń fọ tọ̀tún?"

Bọ́tìnnì bùbá mi dá sí i. "Lọ́jọ́ Ìsinmi, láti aago márùn-ún ni wọ́n ti ń bá mi jà. Ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì bá wọlé, èmi ni mò ń borí."

Ojú tì mí. "Ẹ dákẹ́! Èmi ò ní fi ẹnu ara mi pe àìsàn!"

Ìró mi ló wá sọ̀rọ̀, kò sì pariwo. "Ìyá, eyín lẹ fi ń ró mi. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ ṣubú lẹ́yìn ilé, orí mi lẹ sùn sí títí oòrùn fi yí. Nígbà tí Wúràọlá ọmọ yín ti ibi iṣẹ́ dé, tó ní ṣé ara le, kí lẹ sọ?"

Òbúkọ dá ẹnu dúró.

"Mo ní ó le," ni mo wí.

"Ọlọ́run tí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí yín nílẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ yín nìkan ni kò mọ̀."

Òbúkọ bọ́ jígí rẹ̀, ó nu ojú. "Màmá, ewé kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu mi. Ẹ dáhùn kí n tó gbé e mì. Ṣé ara le?"

Mo la ẹnu. Mo mọ ohun tó fẹ́ jáde, ọjọ́ ti pẹ́ tó ti mọ ọ̀nà. Ni ìró bá fò sókè, ó dí mi lẹ́nu.

Mo jí. Ilẹ̀ ti mọ́. Etí ìró mi wà láàárín eyín mi, ó rin gbindin. Lẹ́yìn fèrèsé, ewúrẹ́ aládùúgbò wa ń jẹ páálí. Wúràọlá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ara le?"

Kí n tó yọ aṣọ lẹ́nu, èsì àtijọ́ ti kọjá lọ.

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jí mi," ni mo wí. "Ara ò le, ọmọ mi. Mo ṣubú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wá bá mi fọ apá ọ̀tún mi, kó o bá mi ró ìró, ká jọ lọ síbi tí wọ́n pè mí. Bí mo bá tún fẹ́ sọ fún wọn pé ó le, fọwọ́ kàn mí."

Ó wò mí títí, ó dìde, mo sì gbọ́ ìró garawa lẹ́yìn ilé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ ò ní ṣubú níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí yín. Olúwa yóò fún yín lọ́wọ́ tí yóò máa fọ ọ̀tún yín. Àmín.